ÌPERÍ ÀTI ÌLÒ OJÚ-LẸ́TÀ ONÍBÚRỌ́Ọ̀ṢÌ ÀMỌ̀Ọ́MỌ̀GBÓ NÍNÚ ÀKỌLÉ YORÙBÁ

1. Ìfáárà

Irú lẹ́tà kan wà tí ó wọ́pọ̀ lára ìwé ìpolówó fíìmù, páálí àwo orin, ìgò ọtí àti ẹ̀wù àwọn ọ̀dọ́ lóde òní. Bí ènìyàn bá kọ́kọ́ rí i, yóò rò pé oníṣẹ́ ọwọ́ kan ni ó ti búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà, tí ó fi ìkánjú kọ ọ́ sára ògiri, tí òjò àti oòrùn sì ti bá a jà fún ọdún mẹ́wàá. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ọ̀rọ̀ rí. Inú kọ̀ǹpútà ni ó ti jáde. Ìlà tí ó ya, ọ̀dà tí ó bó, etí lẹ́tà tí ó rí wúruwùru, gbogbo wọn ni ẹni tí ó ya lẹ́tà náà mọ̀ọ́mọ̀ fi síbẹ̀, tí ó sì yan ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò wà.

Ohun méjì ni a fẹ́ ṣe nínú àpilẹ̀kọ yìí. Èkíní ni láti dábàá ìperí Yorùbá fún irú lẹ́tà yìí àti àwọn ẹ̀yà rẹ̀. Èkejì, èyí tí ó jẹ wá lógún jù, ni láti fi hàn pé ohun tí ó jẹ́ ẹwà lásán nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì lè ba ìtumọ̀ jẹ́ nínú èdè Yorùbá. Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́tà kékeré i àti j nìkan ni ó ní ẹ̀kán lórí. Bí ẹ̀kán náà bá parẹ́, kò sí ọ̀rọ̀ tí yóò yí padà di òmíràn. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Àmì abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ, àti àmì ohùn orí fáwẹ́lì, ni ó ń ya ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Irú nǹkan kékeré bẹ́ẹ̀ gan-an, ẹ̀kán àti ìlà pínníṣín, ni àwọn ayàlẹ́tà sì fi ń sọ lẹ́tà di ogbó.

2. Ojú-lẹ́tà, fọ́ǹtì àti lẹ́tà àkọlé

Ọ̀rọ̀ náà 'lẹ́tà' ti di tiwa. Kò sí ìdí tí a ó fi lé e lọ. Ohun tí ó kù ni orúkọ fún ìrísí tí gbogbo lẹ́tà kan jùmọ̀ ní, tí ó fi jẹ́ pé A àti B inú ìwé ìròyìn kan jọ ara wọn bí ọmọ ìyá, tí wọn kò sì jọ A àti B ara pátákó ilé ìtajà. A lè pè é ní 'ìrísí lẹ́tà', ṣùgbọ́n ìrísí gbòòrò jù, nítorí lẹ́tà kan ṣoṣo náà ní ìrísí. Ohun tí a dábàá ni ojú-lẹ́tà. Nígbà tí ó jẹ́ òjé ni wọ́n fi ń dà lẹ́tà, apá tí ó yọ sókè lára òjé náà, tí ó ń gba tàdáwà tí ó sì ń fi ara kan bébà, ni àwọn atẹ̀wé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní ojú. Irú ìlò bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí Yorùbá: apá tí ó mú lára abẹ ni ojú abẹ, apá tí ń ṣiṣẹ́ lára àdá ni ojú àdá.

Fọ́ǹtì ni kí a máa pe àkójọ lẹ́tà, nọ́ńbà àti àmì tí a lè rà kí a sì fi sínú ẹ̀rọ. Ojú-lẹ́tà sí fọ́ǹtì dà bí ọnà àdìrẹ sí aṣọ tí a kọ ọ́ sí: ọnà kan náà lè wà lára igba aṣọ. Ẹni tí ó bá ya ojú-lẹ́tà ni ayàlẹ́tà. Ilé iṣẹ́ tí ó ń dà á ní òjé láyé ijọ́un ni ilé iṣẹ́ adàlẹ́tà.

Lẹ́tà àkọlé ni èyí tí a ń lò fún ọ̀rọ̀ díẹ̀ tí a kọ gàdàgbà. Òdìkejì rẹ̀ ni lẹ́tà inú-ìwé. Ẹni tí ń ka ìwé kò gbọdọ̀ rántí pé lẹ́tà inú-ìwé wà níbẹ̀ rárá. Ẹni tí ń kọjá lọ lójú títì ni lẹ́tà àkọlé gbọdọ̀ dá dúró. Gbogbo ohun tí a ó sọ láti ìsinsìnyí lọ, lẹ́tà àkọlé ni a ń bá wí.

3. Búrọ́ọ̀ṣì àti àlàfo-irun

Lẹ́tà oníbúrọ́ọ̀ṣì kì í ṣe ohun tuntun. Edward Catich, àlùfáà ìjọ Kátólíìkì ní Amẹ́ríkà, tí òun fúnra rẹ̀ ti ṣe iṣẹ́ pátákó kíkọ rí, tẹ ìwé kan jáde ní 1968 nípa orísun àwọn lẹ́tà ara òkúta Róòmù, pàápàá ti ìdí òpó Trajan tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní ọdún 113. Àlàyé rẹ̀ ni pé búrọ́ọ̀ṣì pẹlẹbẹ ni wọ́n kọ́kọ́ fi kọ lẹ́tà náà kí wọ́n tó fi irin gbẹ́ ẹ. Lẹ́tà tí a ti ń pè ní ọmọ òkúta, ọmọ búrọ́ọ̀ṣì ni.

Ní ilẹ̀ Ṣáínà, níbi tí búrọ́ọ̀ṣì ti jẹ́ ohun ìkọ̀wé láti ohun tí ó ju ẹgbẹ̀rún ọdún méjì lọ, àwọn akọ̀wé ní orúkọ fún ìlà funfun tí ń hàn láàárín dúdú nígbà tí búrọ́ọ̀ṣì bá ń gbẹ lọ́wọ́. Wọ́n ń pè é ní feibai, ìtumọ̀ èyí tí í ṣe 'funfun tí ń fò'. Lójú tiwọn, kì í ṣe àbùkù. Ọ̀nà kan ni láti mọ bí ọwọ́ ṣe yá tó. A kò ní yá orúkọ wọn lò, nítorí pé 'funfun tí ń fò' lè mú ẹni tí kò mọ ìtàn rẹ̀ ronú kan lékeléke. Àlàfo-irun ni àwa pè é. Irun búrọ́ọ̀ṣì ni ó ń fà á: bí ọ̀dà bá ń tán, irun a pínyà, àárín wọn kò sì ní kan bébà mọ́.

Kíkó irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sínú òjé kò rọrùn. Lẹ́tà òjé kọ̀ọ̀kan jókòó sórí òpó onígun mẹ́rin tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ tí ó mú búrọ́ọ̀ṣì kì í fẹ́ dúró láàárín lẹ́tà méjì. Síbẹ̀ wọ́n gbìyànjú rẹ̀. Ní Jámánì, ilé iṣẹ́ adàlẹ́tà Wagner gbé Reporter jáde ní 1938, èyí tí Carlos Winkow yà. Àlàfo-irun hàn kedere lára rẹ̀. Ní 1942, Robert E. Smith ya Brush Script fún American Type Founders ní Amẹ́ríkà. Ìyẹn mọ́ tónítóní, lẹ́tà kékeré rẹ̀ sì di ara wọn lọ́wọ́ mú. Ní 1953, Roger Excoffon ya Mistral fún Fonderie Olive ní Marseille, ní ilẹ̀ Faransé, ó sì mú un jáde láti inú ìkọ̀wé ọwọ́ ara rẹ̀. Nínú àwọn mẹ́ta yìí, Reporter ni a lè pè ní baba fún irú èyí tí à ń sọ, nítorí pé kò fi ara pamọ́ pé ọ̀dà ń tán lára búrọ́ọ̀ṣì.

Lẹ́yìn èyí ni Letraset ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dé, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ta lẹ́tà aláwọ̀ gbígbẹ ní 1961. Ẹ̀yìn bébà ọ̀rá rẹ̀ ni a ń ha kí lẹ́tà lè kúrò níbẹ̀ lọ sára iṣẹ́. Bí ẹni tí ń ha á kò bá ní sùúrù, tàbí tí bébà náà bá ti pẹ́ nínú àpótí, lẹ́tà a fọ́ wẹ́wẹ́, apá kan a lọ, apá kan a ṣẹ́kù. Ìbànújẹ́ ni èyí jẹ́ fún àwọn oníṣẹ́ ìgbà náà. Àwọn ọmọ wọn ni ó padà wá fi owó ra irú rẹ̀: nígbà tí kọ̀ǹpútà ti mú kí lẹ́tà tí kò ní àbùkù di ohun yẹpẹrẹ, àbùkù fúnra rẹ̀ di ọ̀ṣọ́. Ní 1991, Erik van Blokland, ará Netherlands, fi lẹ́tà ẹ̀rọ táìpù tí ó dọ̀tí ṣe ojú-lẹ́tà tí ó pè ní Trixie. Irú rẹ̀ sì pọ̀ lọ jàra láti ìgbà náà.

4. Gbígbó àti àwọn ìbátan rẹ̀

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni èdè Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún gbogbo ohun tí a ń ṣe láti ba ojú-lẹ́tà jẹ́ kí ó lè wuni, ọ̀rọ̀ náà sì jẹ mọ́ ìpọ́njú. A kò gbọdọ̀ sọ pé 'lẹ́tà ìpọ́njú'. Ìpọ́njú kò bá lẹ́tà. Ọ̀rọ̀ ìṣe Yorùbá ní ọrọ̀ tó níhìn-ín, ó sì sàn kí a lò ó ju kí a tẹ̀lé Gẹ̀ẹ́sì lọ.

Aṣọ a máa ṣá, aṣọ a sì máa gbó. Méjèèjì kì í ṣe ohun kan náà. Aṣọ tí ó ṣá, àwọ̀ rẹ̀ ni ó lọ, òwú rẹ̀ ṣì pé. Aṣọ tí ó gbó, òwú fúnra rẹ̀ ni ó ti jẹ. Ọ̀dà ara ògiri a máa bó, ojú ibi tí ó bó a sì ní etí tí ó mú. Ohun tí a bá ha, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ ni yóò hàn lára rẹ̀. Irin tí ó dógùn-ún yóò ní ihò wẹ́wẹ́. Búrọ́ọ̀ṣì tí ó gbẹ yóò fi àlàfo-irun sílẹ̀. Èyí tí ó kún fún ọ̀dà jù yóò ta á síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ẹ̀kán tí ó bá ta sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni a pè ní àtasí. Ayàlẹ́tà tí ó bá mọ ìyàtọ̀ àwọn wọ̀nyí kò ní pa wọ́n pọ̀ láìnídìí. Àlàfo-irun, fún àpẹẹrẹ, ń tẹ̀lé ọ̀nà tí ọwọ́ gbà. Bíbó kò tẹ̀lé ọ̀nà kankan. Bí a bá rí àlàfo-irun tí ó dábùú ìlà lẹ́tà, ẹnikẹ́ni tí ó ti mú búrọ́ọ̀ṣì rí yóò mọ̀ pé irọ́ ni.

Fún gbogbo wọn lápapọ̀, gbó ni a yàn, nítorí pé òun ni ó gba aṣọ, ilé, ìwé àti ènìyàn. Nígbà tí ó sì jẹ́ pé ìmọ̀ọ́mọ̀ṣe ni, a fi àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ à- kún un: àmọ̀ọ́mọ̀gbó. Ẹni tí ó bá fẹ́ tẹ̀lé gírámà dé góńgó yóò wí pé kì í ṣe lẹ́tà ni ó mọ̀ọ́mọ̀, bí kò ṣe ẹni tí ó mú un gbó, pé àmọ̀ọ́mọ̀múgbó ni ó tọ̀nà. A gbà fún un. Ṣùgbọ́n ìperí tí kò bá rọ ẹnu atẹ̀wé lọ́rùn, inú ìwé ìròyìn ìmọ̀ bí irú èyí nìkan ni yóò kú sí.

5. Bí a ti ń ṣe é

Iṣẹ́ ọwọ́ ni ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ayàlẹ́tà yóò mú búrọ́ọ̀ṣì tí ó le díẹ̀ àti bébà tí ojú rẹ̀ kò dán, yóò nu púpọ̀ nínú ọ̀dà kúrò lára búrọ́ọ̀ṣì, yóò sì kọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Èyí tí ó bá dára ni yóò fi ẹ̀rọ síkánà gbé sínú kọ̀ǹpútà. Níbẹ̀ ni a ó ti sọ àwòrán náà di dúdú àti funfun lásán, láìsí àwọ̀ eérú láàárín, tí a ó sì fi ìlà yí gbogbo etí rẹ̀ ká. Ìlà àyíká yìí ni fọ́ǹtì ń tọ́jú. Ibi tí ìlà bá ti yà tàbí tí ó ti tẹ̀ ni a ń pè ní kókó. Lẹ́tà tí ó mọ́ lè ní kókó mẹ́wàá tàbí ogún. Lẹ́tà àmọ̀ọ́mọ̀gbó lè ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún, nítorí pé àlàfo kọ̀ọ̀kan ní àyíká tirẹ̀. Ìdí nìyí tí irú fọ́ǹtì yìí fi máa ń wúwo fún ẹ̀rọ.

Ìṣòro kan wà tí ọwọ́ ènìyàn kò ní ṣùgbọ́n tí ẹ̀rọ ní. Ọwọ́ kì í kọ lẹ́tà kan náà ní ọ̀nà kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Fọ́ǹtì a máa ṣe bẹ́ẹ̀. Bí àpá kan náà bá wà ní ibi kan náà lára lẹ́tà méjì tí ó fara kọ́ra, àṣírí tú: kò sí òjò tí ń rọ̀ báyẹn. Ètò OpenType, tí Microsoft àti Adobe kéde ní 1996, fi àyè sílẹ̀ fún fọ́ǹtì láti ní ẹ̀dà mélòó kan fún lẹ́tà kan, kí ẹ̀rọ sì máa pààrọ̀ wọn. Àwọn ayàlẹ́tà tí ń ronú ní èdè Gẹ̀ẹ́sì a máa fi ẹ̀dà sí lẹ́tà tí ó sábà ń wà ní méjì-méjì nínú èdè wọn, bí l, t àti s. Èyí kò wúlò fún wa tó bẹ́ẹ̀. Àǹkóò fáwẹ́lì ni ó ń darí tiwa: e kì í bá ẹ gbé nínú ọ̀rọ̀ kúkurú, o kì í sì í bá ọ gbé, nítorí náà fáwẹ́lì kan náà a máa padà wá lẹ́yìn kọ́ńsónáǹtì kan ṣoṣo. Ọmọ, ọ̀bọ, ẹsẹ̀, ẹyẹ, òkò, àjà: lẹ́tà kan péré ni ó dá ìbejì méjèèjì sí méjì, ojú kò sì ní ṣàì rí wọn pọ̀. Fọ́ǹtì tí a bá fẹ́ lò fún Yorùbá gbọdọ̀ ní ẹ̀dà mẹ́ta, ó kéré tán, fún fáwẹ́lì kọ̀ọ̀kan.

6. Níbi tí gbígbó ti ń jẹ ìtumọ̀

Ẹ jẹ́ kí a mú àkọlé fíìmù kan tí a fi ojú inú wò, Ẹ̀JẸ̀. Ayàwòrán tí a bá gbé e fún yóò yan lẹ́tà oníbúrọ́ọ̀ṣì pupa, yóò jẹ́ kí ọ̀dà máa sun sílẹ̀ láti ìdí lẹ́tà, yóò sì fi àtasí yí i ká. Ó bá ọ̀rọ̀ mu, kò sí àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n níbo ni àmì abẹ́ wà? Ọ̀dà tí ń sun ti gbé e mì. Àmì ohùn ńkọ́? Ìlà pínníṣín kan ni láàárín ogún ìlà pínníṣín mìíràn. Ẹni tí ó dúró ní òdìkejì títì lè kà á sí ẹ̀jẹ̀ tí ń ṣàn, ó lè kà á sí ẹ̀jẹ́ tí a jẹ́ fún òrìṣà, ó sì lè kà á sí èje tí ó tẹ̀lé ẹ̀fà. Ìtàn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Ó tún lè burú ju èyí lọ, nítorí pé gbígbó kì í mú àmì kúrò nìkan, a máa fi kún un. Àtasí kan tí ó bá ṣèèṣì bọ́ sórí I nínú IṢẸ́, tí ó sì tẹ̀ sí apá òsì, ti sọ iṣẹ́ di ìṣẹ́. Alágbẹ̀dẹ tí ó kọ ỌKỌ́ sára pátákó rẹ̀, tí àmì abẹ́ rẹ̀ méjèèjì bó lọ, tí àmì ohùn sì ṣẹ́kù, ọ̀rọ̀ tí a kì í sọ níwájú àgbà ni yóò máa polówó fún gbogbo àwọn tí ń kọjá.

Ọ̀pọ̀ ayàwòrán mọ èyí, ohun tí wọ́n sì ń ṣe ni pé wọ́n ń kọ àkọlé láìsí àmì kankan, kí wọ́n má baà kọ èyí tí kò tọ́. A kò lè dá wọn lẹ́bi pátápátá, nítorí pé fọ́ǹtì fúnra rẹ̀ kì í sábà ràn wọ́n lọ́wọ́. Nínú Unicode, ètò àgbáyé tí ó fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà, ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà, ṣùgbọ́n ẹ́, ẹ̀, ọ́ àti ọ̀ kò ní. Ohun méjì ni ẹ̀rọ gbọdọ̀ so pọ̀: lẹ́tà alámì-abẹ́ àti àmì ohùn tí ó dá dúró. Bí ayàlẹ́tà kò bá pèsè ojú ibi tí àmì yóò jókòó sí, àmì ohùn a lọ dúró sí ẹ̀gbẹ́. Bí kò bá sì ya ẹ rárá, ẹ̀rọ a lọ yá a láti inú fọ́ǹtì mìíràn. Nígbà náà ni a ó rí ẹ kan tí ó mọ́ tónítóní, tí ó jókòó sáàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó ti gbó bí ọmọ tuntun láàárín àwọn àgbà.

Kí ni ó yẹ kí a ṣe? Lójú wa, ohun àkọ́kọ́ ni pé kí a fi búrọ́ọ̀ṣì kan náà kọ àmì, kí ó lè jọ ìyókù, ṣùgbọ́n kí a má jẹ́ kí gbígbó kan án. Kò sí ẹni tí yóò ṣàkíyèsí pé àmì pé nígbà tí lẹ́tà ya. Ojú ń wo ara ńlá. Èkejì ni pé kí a nu gbogbo àtasí kúrò ní abẹ́ E, O àti S, kí a sì nù ún kúrò lórí gbogbo fáwẹ́lì, yálà fáwẹ́lì náà ní àmì tàbí kò ní. Àìní àmì náà jẹ́ àmì, ohùn àárín ni. Bí a bá ṣì fẹ́ àtasí, ẹ̀gbẹ́ àkọlé wà níbẹ̀ fún un. Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ àmì abẹ́ fúnra rẹ̀. Ẹ̀kán roboto ni a ń lò jù nínú ìwé títẹ̀, ó sì dára fún lẹ́tà inú-ìwé. Fún lẹ́tà oníbúrọ́ọ̀ṣì, ìlà kúkurú olóòró tí ó lẹ̀ mọ́ ìdí lẹ́tà, irú èyí tí ó wà nínú àwọn ìwé Yorùbá kan, ni a yàn láàyò. Àtasí a máa jọ ẹ̀kán, kì í jọ ìlà olóòró.

7. Ibi tí ó yẹ àti ibi tí kò yẹ

Ojú-lẹ́tà yìí ń sọ pé ọwọ́ ènìyàn ni ó ṣe nǹkan, tàbí pé nǹkan náà ti pẹ́, tàbí pé ó le koko. Nítorí náà ni ó fi bá fíìmù ogun, orin, eré ìdárayá àti oúnjẹ tí a fi iná igi sè mu. Kò bá ìwé oògùn mu. Kò bá fọ́ọ̀mù ìdìbò tàbí àkọlé ilé ìfowópamọ́ mu, nítorí kò sí ẹni tí ń fẹ́ báǹkì tí ó ń bó.

Ìwọ̀n ni ọ̀rọ̀ tí ó kù. Póìǹtì 72 ni ó wà nínú íǹṣì kan. Ká ní àkọlé kan jẹ́ póìǹtì 60, ìyẹn nǹkan bí mìlímítà 21, tí àmì abẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá: mìlímítà 2 ni àmì náà yóò jẹ́, ojú yóò sì rí i. Bí a bá dín àkọlé kan náà kù sí póìǹtì 12 fún ẹ̀yìn páálí, àmì náà kò ní tó ìdajì mìlímítà, àlàfo-irun yóò sì dà bí ìdọ̀tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Nígbà tí àyè bá kéré báyìí, ojú-lẹ́tà mìíràn tí ó mọ́ ni kí a lò.

Bí àkọlé bá jẹ́ ìlà méjì, àyè tí ó wà láàárín wọn gbọdọ̀ ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ. Àmì abẹ́ ìlà òkè ń bọ̀ wá sílẹ̀, àmì ohùn ìlà ìsàlẹ̀ ń lọ sókè, àárín ọ̀nà ni wọ́n ti ń pàdé. Fún lẹ́tà ńlá oníbúrọ́ọ̀ṣì, a ti rí i pé àyè tí kò bá tó ìdajì gíga lẹ́tà kò lè gbà wọ́n láìfara kanra. Bí bébà kò bá gbà á, kí a dín lẹ́tà kù, kí a má ṣe dín àyè náà kù.